Rọ́bà omi, bárò, fáànù oníbátìrì: èwo ló pé ẹni tó rà á ní Òṣogbo?

Lọ́jà Ìgbọ̀nà, ní Orísunbáre àti ní Ọjà Ọba, "Èló ni?" ni oníbàárà kọ́kọ́ ń bi ọlọ́jà tó bá gbé ohun èlò ilé tàbí ti ọgbà síwájú. Ìbéèrè méjì kan ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Ṣé omi ilé wa, iná ilé wa àti ilẹ̀ wa gba nǹkan náà? Bó bá sì bàjẹ́, ṣé ẹni tó máa tún un ṣe wà nítòsí, ṣé ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ń tà lọ́tọ̀? Wọn kì í kọ ìdáhùn sára páálí.

Rọ́bà omi ló fi èyí hàn jù. Èyí tó lòde báyìí ni rọ́bà afàgùn tí wọ́n fi aṣọ bò: bí omi bá wọ inú rẹ̀, a gùn ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, bí omi bá tán níbẹ̀, a sún kì bí ìgbín tó wọ ìkarahun. Ó wu ojú, kò sì gba àyè. Ṣùgbọ́n ipá omi ló ń fà á gùn, kò sì ní gùn dáadáa bí ipá náà kò bá tó bar 2 sí 3 (bar ni wọ́n fi ń wọn ipá omi). Ilé tí omi ti ń ti orí tánkì sọ̀kalẹ̀ ńkọ́? Mítà 10 tí omi bá fi ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ ló ń fún un ní nǹkan bíi bar 1. Tánkì tó wà lórí òpó ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn nǹkan bíi mítà 3.7, kò lè mú ju bar 0.4 wá. Ká tiẹ̀ fi gíga omi inú tánkì kún un, ó ṣòro kó ju ìdajì bar kan lọ. Rọ́bà náà á kàn wú díẹ̀ ni, ìbọn ìfúnmi tó wà lẹ́nu rẹ̀ á sì máa sun bí imú ọmọ tí òtútù mú.

Ilé tí ẹ̀rọ ti ń ti omi lọ tààrà sínú páìpù nìkan ló lè lò ó. Níbẹ̀ pàápàá, rọ́bà inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ibi tó ti so mọ́ ike ẹnu rẹ̀ ló sábà máa ń bẹ́, aṣọ tó bò ó kì í sì í jẹ́ kéèyàn rí ojú ihò lẹ̀. Ẹni tó ń lo omi tánkì, kó má rà á, ì báà jẹ́ ìdajì owó ni wọ́n pè é.

Èyí tó pé ni rọ́bà lásán tí wọ́n fi okùn sí láàárín ìpele méjì. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e, ẹ ó rí okùn náà. Ẹ ṣẹ́ ẹ po: bó bá ní ìlà funfun tí kò sì padà sípò, rọ́bà àlòkù ló pọ̀ nínú rẹ̀, oòrùn oṣù Kejì máa là á. Ẹ fi ìdajì ìńṣì sílẹ̀, ẹ mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìńṣì. Ihò inú rẹ̀ fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, níbi tí omi kò bá sì ti ní ipá, fífẹ̀ ihò ló ń gba èèyàn là. Ẹ yẹra fún èyí tó mọ́ gaara bí gíláàsì, torí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọ inú rẹ̀, ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ á wá hù síbẹ̀ títí á fi dí. Ẹ fi okùn wọn ilẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ dé ebè tó jìnnà jù, ẹ fi mítà 2 lé e, iye tí wọ́n máa gé fún yín nìyẹn. Odidi ìdì mítà 50 fún ilé oníyàrá mẹ́ta, owó ṣòfò ni, gígùn rẹ̀ yóò sì tún dín omi kù. Ti kílíìpù onírin tó ń di rọ́bà mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ọlọ́jà á ní dandan ni. Rọ́bà inú táyà tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́, tí a fà le ká a wé mọ́ ọn, ń ṣe iṣẹ́ kan náà níbi tí ipá omi bá ti kéré.

Bárò gba àyẹ̀wò púpọ̀ ju rọ́bà lọ. Abọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ láàárín: bó bá wọnú tó sì ta padà pẹ̀lú ariwo bíi ti agolo, páànù rẹ̀ fẹ́lẹ́. Páànù mìlímítà 0.8 lè gbé ewé àti ajílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n yanrìn tútù àti òkúta máa tẹ̀ ẹ́. Fún iṣẹ́ ilé kíkọ́, ẹ wá 1.2 sí 1.5. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i dojú dé. Èyí tó jẹ́ pé páìpù kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ láti ọwọ́ ìmú kan yí táyà ká dé ọwọ́ ìmú kejì sàn ju èyí tí wọ́n jó pọ̀ lójúkò méjì, nítorí ojú ibi tí wọ́n jó ló máa ń já tí ẹrù bá wúwo. Táyà tí wọ́n kọ 3.50-8 tàbí 4.00-8 sí lára kò ní fún yín ní wàhálà, torí tiúùbù rẹ̀ wà káàkiri, àwọn tó ń lẹ táyà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Táyà tí kò gba afẹ́fẹ́ kì í jò lóòótọ́, àmọ́ ó ń gbọn ọwọ́ èèyàn lórí òkúta. Ẹ fi ọwọ́ yí táyà: bó bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ike ni wọ́n fi sídìí ọ̀pá rẹ̀ dípò bẹ́ríìnì, èyí tó máa ń jẹ tán kíákíá.

Ohun tó ń pa bárò jù ni sìmẹ́ǹtì tí wọn kò fọ̀ kúrò, àti omi òjò tó dúró sínú abọ́. Ìdí bóòtù mẹ́rin tó so abọ́ mọ́ irin ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kun ibẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Wẹ́dà àdúgbò lè fi páànù tó nípọn ṣe abọ́ mìíràn sórí irin àtijọ́, èyí sì sàn ju kéèyàn ra tuntun tó fẹ́lẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé ajílẹ̀ àpò méjì ló ń kó lọ́dún, kó yá ti aládùúgbò rẹ̀.

Sípíréyà, ìyẹn tánkì ìfín-oògùn tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, lítà 16 ló wọ́pọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Bí a bá ń fín lítà 200 sí hẹ́kítà kan, púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 máa gba bíi lítà 13. Ebè ẹ̀fọ́ ẹ̀yìn ilé tó jẹ́ mítà 10 sí 3 kò ní gba lítà 1! Ike ìfín lítà 2 tó o. Ẹni tó ní oko lọ́nà Ìlobùú tàbí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni lítà 16 pé, òun náà gbọ́dọ̀ bu omi lásán sí i lójú ọlọ́jà, kó fún un, kó wò ó bóyá ìdí ọwọ́ ìfún ń sun. Wáṣà ló ń kọ́kọ́ gan, torí oògùn tí wọn kò fi omi ṣàn kúrò. Kí ẹ sì má ṣe fi tánkì tí ẹ fi fín apakoríko fín oògùn kòkòrò sí tẹ̀tẹ̀. Ìyókù tó wà nínú rọ́bà rẹ̀ tó láti pọ́n ewé.

Ẹ̀rọ ìgékoríko oníbẹntiróòlù kì í sábà pé ilé kan ṣoṣo. Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, bí a bá ń gé koríko ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, bí ìgbà 10 ni. Ká ní alágbàṣe ń gba 5,000 náírà, 50,000 nìyẹn lọ́dún. Ká ní ẹ̀rọ jẹ́ 150,000, ọdún mẹ́ta gbáko kí owó tó padà, láìka epo. Ẹ fi iye tó wà níta lọ́jọ́ tí ẹ ń rà á rọ́pò. Ilé mẹ́rin tó bá dá owó jọ ni yóò jèrè rẹ̀. Èyí tó ń lo epo àpòpọ̀, ẹ tẹ̀ lé ìwé rẹ̀: bó bá ní 25 sí 1, lítà bẹntiróòlù kan gba mìlílítà 40 ọ́ìlì. Bẹntiróòlù lásán yóò mú kí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ tú epo inú rẹ̀ dànù kó má baà dí kábúrétọ̀.

Àdá kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tí alágbẹ̀dẹ fi sípíríǹgì abẹ́ lọ́rì rọ ń pẹ́ kó tó kú, àmọ́ ó wúwo. Ti ilẹ̀ òkèèrè fúyẹ́ fún koríko. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kí irin rẹ̀ wọ èèkù já.

Fáànù oníbátìrì ni páálí rẹ̀ ń ṣe ìlérí jù. Bátìrì fóòtì 12, 7Ah (ìyẹn áńpíà-wákàtí 7, iye iná tó lè gbà), ní agbára wáàtì-wákàtí 84, torí 12 lọ́nà 7 ni. Fáànù tó ń jẹ wáàtì 20 bó bá yára jù lọ, wákàtí mẹ́rin ni, kì í ṣe mẹ́wàá tí wọ́n kọ. Bí ẹ bá dín in kù, ó lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì olójé kì í fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ láìní iná: ẹni tó bá tọ́jú fáànù nígbà òtútù láìṣáájì í, tó sì fi oṣù mẹ́ta gbàgbé rẹ̀, òkú bátìrì ló máa bá. Ṣíṣáájì lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà tú ìdí rẹ̀. Bí bátìrì bá ṣeé yọ, tí iye rẹ̀ sì hàn lára, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Tí ọjọ́ yẹn bá dé, ẹ gbé bátìrì tuntun náà sórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran kan nínú ọjà: 7Ah gidi wúwo tó kílò 2. Èyí tí wọ́n kọ 7Ah sí lára tí kò sì ju kílò 1 àti díẹ̀ lọ, òjé inú rẹ̀ kò pé.