Àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ ní Kétu: agbẹ̀bí dáa, ẹnu ọ̀nà ò dáa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò náà, mo ti lọ o. Ilé ìwòsàn kan níbí ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ló ń yẹ àwọn obìnrin wò fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gun zem, ọ̀kadà wa níbí, dé'bẹ̀ láago méje àárọ̀, aago mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó pè mí.

Ìjókòó ò tiẹ̀ dùn mí tó ohùn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kàn pariwo pé "àwọn tó wá fún abẹ́ dà?" níwájú àwọn ọkùnrin tó wá gba oògùn ibà! Obìnrin méjì dìde, wọ́n lọ, mi ò rí wọn mọ́.

Inú ni wọ́n ti ṣe dáadáa. Agbẹ̀bí yẹn ní kí n húkọ́, kí n tó húkọ́ tán irin tí wọ́n fi ń wo inú ti wọlé, ó wá fi òwú tó ní fínígà pa ẹnu ilé-ọmọ, ó tutù, ó ta díẹ̀, a dúró bí ìṣẹ́jú kan. Tó bá yí padà di funfun, ó ní kì í ṣe pé jẹjẹrẹ ti dé nìyẹn o, ibi tó lè dà á lọ́la ni, wọ́n á fi iná jó o kúrò. Tèmi ò funfun. Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí obìnrin 70 nínú 100 ti ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ yìí, irú èyí tó múná dóko bíi ti kòkòrò HPV tó ń fà á, kó tó pé ọdún 35, kó tún un ṣe kó tó pé 45. Èmi rèé ní 43, àkọ́kọ́ mi nìyí! Nínú èsúsú wa a jẹ́ 11, èmi nìkan ló tíì ṣe é, àwọn tó kù ní a kì í fọwọ́ ara ẹni wá àìsàn. Àìsàn wo lẹ wá jàre.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló bí mi nínú jù. Ọmọ 58 ni, ó jókòó tì mí látàárọ̀, ìgbà tó kàn án ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé tí èèyàn bá ti lé ní 50, ibi tí wọ́n ń wò ti sábà máa ń wọnú lọ, fínígà ò ní fi hàn dáadáa, kó lọ béèrè èyí tí wọ́n fi ń wá kòkòrò HPV ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu. Ṣebí wọ́n béèrè ọjọ́ orí ẹ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀!

Agbẹ̀bí, 5 nínú 5. Ẹnu ọ̀nà, 1. Ìró ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ, ẹ má sì lọ tẹ́ ẹ bá ń ṣe nǹkan oṣù. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bèèrè owó zem ẹ̀ lọ́wọ́ mi.