Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra Corolla àlòkù: wọ́n ń pa ẹ́ńjìnì lẹ́nu mọ́ kí ẹ tó dé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ọkọ̀ àlòkù rà lásìkò yìí, àgàgà Corolla 2003 sí 2008 tó kún ìgboro Ìbàdàn, ẹ dákun ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ṣọwọ́. Oníṣòwò ọkọ̀ kan ló ta ẹ́ńjìnì tó ti kú fún àbúrò ìyàwó mi bíi pé ó yè. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Tí mo bá sì dárúkọ rẹ̀, òun nìkan lẹ máa sá fún, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń dá irú ọgbọ́n yìí ò mọ níwọ̀n.

Olùkọ́ ni àbúrò yìí, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló kó lé ọkọ̀ náà. Wọ́n ti ṣáná sí i kó tó dé, wọ́n ní káwọn jẹ́ kí A/C tutù dè é ni. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Àǹtí, ẹ tẹ́tí sí i. Ẹ́ńjìnì yìí, wọn ò tú u rí. Bó ṣe ti Amẹ́ríkà dé náà nìyẹn." Wọ́n gbé e yípo àdúgbò, rédíò ń kọrin, gíláàsì wà ní títì pa nítorí A/C. Wọn ò rìn débi tí ẹ́ńjìnì á fi gbóná dénú.

Kò pẹ́ tó gbé e délé ni ariwo bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń gun òkè, tó sì tẹ ẹ́ díẹ̀, á máa dún gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á rọlẹ̀. Láàárọ̀ tí ara ọkọ̀ ṣì tutù, kì í hàn tó bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, lẹ máa gbọ́ ọ dáadáa. Ó pe ẹni tó tà á fún un. Ọkùnrin náà ní, "Àǹtí, epo tí ẹ ń rà ni ò dáa." Irọ́ ni o. Ariwo tí epo burúkú máa ń fà, lókè ló ti ń dún, ṣín-ṣín-ṣín, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Èyí wúwo. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó ti bílọ́ọ̀kì nọ́ńbà rẹ̀.

Mo ní kó gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe ọkọ̀. Bàbá yẹn kọ́kọ́ gbé ẹnu sukúrúdíráfà gígùn lé ara ẹ́ńjìnì, ó fi ìdí rẹ̀ mọ́ etí, ó ń sún un láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ tápẹ́ẹ̀tì, àwọn irin kéékèèké tó ń ṣí fáàfù lókè ẹ́ńjìnì, ni, òkè ni ìró náà ì bá ti mú jù, á sì máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ìsàlẹ̀ ló ti mú. Ló bá tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì ò tètè wálẹ̀, ńṣe ló ń fà bí oyin. Ó fi díẹ̀ pa àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí oòrùn, irin lúbúlúbú ń kọ mànà nínú rẹ̀. Ara bẹ́árìn tó wà láàárín kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó di písítìnì mú) àti kíráńkì (irin ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì) nìyẹn, tó ti ń jẹ dànù.

Ohun tí wọ́n ṣe rèé. Ọ́ìlì 5W-30 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) ni Toyota ní kí wọ́n lò fún ẹ́ńjìnì yìí, nǹkan bíi lítà 3.7 tí wọ́n bá pààrọ̀ fítà pọ̀. Àwọn wọ̀nyí da ọ́ìlì tó ki ju ìyẹn lọ fíìfíì sí i, wọ́n tún fi oògùn tó ń lẹ̀ pọ̀ bù kún un. Níbi tí bẹ́árìn ti jẹ, àlàfo ti wà. Àlàfo yẹn ló ń jẹ́ kí irin máa gbá irin. Ọ́ìlì tó ki á dí i, ariwo á sinmi. Bí ọ́ìlì bá ti gbóná gbóná tó sì ti ṣàn, àlàfo á tún là. Àsìkò yẹn, owó ti wà lọ́wọ́ wọn.

Kí ẹ sì mọ̀ pé Corolla yìí ò níṣòro lásán. Ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE tó wà nínú rẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ jáde máa ń jẹ ọ́ìlì, torí ihò tó yẹ kí ọ́ìlì gbà padà lára písítìnì ò tó. Ẹni tó ń lé e tí kì í yọ dípísítíìkì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, wò, ọ́ìlì á gbẹ mọ́ ọn lára, bẹ́árìn á jóná. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń dé ọjà.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ lọ wo ọkọ̀, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣáná sí i o. Tí ẹ bá débẹ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná, ẹ padà sílé, ẹ wá lọ́jọ́ mìíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á ti tàn, ẹ má tíì ṣáná. Iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú tí ẹ́ńjìnì bá ti dìde. Tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ ọ́ kúrò, mi ò sì rí ìdí rere kankan tí èèyàn fi máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pa rédíò, ẹ pa A/C, ẹ ṣí gíláàsì sílẹ̀, kí ẹ wà á títí ara rẹ̀ á fi gbóná dáadáa. Ẹni tó bá ní ẹ ò lè wà á jìnnà, ó mọ ohun tó ń gbọ́ tí ẹ ò tíì gbọ́.

Lábẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n ní tiwọn. Búṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà láàárín àwọn irin abẹ́ ọkọ̀, tó bá ti jẹ, wọ́n á gé rọ́bà táyà kì í sí i, wọ́n á fi gíríìsì pa á, kò sì ní dún fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ wà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Ẹ yí sítíárìn rẹ̀ tán síbi kan níbi tó fẹ̀, kí ẹ máa yí po: tó bá ń dún ká-ká-ká, CV jọ́ìntì, oríkèé tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì dé táyà iwájú, ti lọ. Tó bá ń hùn lójú títì, tí híhùn náà sì ń pọ̀ sí i tí ẹ bá yà sósì, bẹ́árìn táyà ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìwọ̀nyí ò le, wọ́n ń tà wọ́n ní Gate n'Ìbàdàn àti Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹ kàn yọ owó wọn kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Ti ẹ́ńjìnì lẹ má gbà.

Ẹ tún mú ẹni tó ní sukánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, dání. Tí wọ́n bá ti pa iná check engine tó ń kìlọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wá, sukánà á fi hàn pé àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń ṣe fúnra rẹ̀ ò tíì parí.

Ẹni tí wọ́n bá ti lù ní jìbìtì, ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì, kódà tí wọ́n bá kọ ọ́ sí i pé owó tó ti wọlé kò ní jáde mọ́. Àjọ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀, ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má da ọ́ìlì tí wọ́n bá tú nù. Tiwa wà nínú kẹ́ẹ̀gì, mẹkáníìkì kọ déètì sí i lára, a sì ya fídíò bó ṣe ń fà wálẹ̀. Fídíò yẹn la fi ránṣẹ́ sí ọ̀gbẹ́ni náà láti orí nọ́ńbà mìíràn, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ pè padà. Ó ní òun á san ìdajì owó ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀. A ní ìdajì kò tó.