Ọṣẹ dúdú alásúnwọ̀n tí mo rà l'Ọ́jà Ọba, Òṣogbo

Oṣù kẹta rèé tí ọṣẹ yìí ti wọlé wa, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó lọ́mọ kékeré nílé gbọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni ọmọ mi ti kó làpálàpá. Orí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sọ́rùn, kí n tó mọ̀, ó ti dé apá èmi náà: roboto bí ẹnu ife, etí rẹ̀ wú, ó ń bó funfun. Ìpara tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi pa yíyún náà fọ́jọ́ méjì, ó wá gbilẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sítẹ́rọ́ìdì ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sítẹ́rọ́ìdì ń bo làpálàpá mọ́lẹ̀ ni, kì í pa á. Inú bí mi gan-an, torí ara ọmọ ni.

Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan ló fi asúnwọ̀n òyìnbó hàn mí, eléyìí tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè tó sì nàró bí àbẹ́là. Ojú mi ló ṣe gún ewé tútù náà mọ́ ọṣẹ dúdú nínú odó, títí omi ewé fi wọnú rẹ̀. ₦2,000 ni ike kan. Àárọ̀ àti alẹ́ la fi ń wẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí ìhó rẹ̀ wà lára fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó ṣàn án. Ó ń ta ẹni díẹ̀ níbi tó bá ti bó. Lọ́jọ́ karùn-ún, yíyún dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ kẹta, apá mi àti ọrùn ọmọ ti jọ̀lọ̀. Chrysophanic acid tó wà nínú ewé náà ló ń bá kòkòrò àìfojúrí làpálàpá jà, kòkòrò tó jẹ́ ìbátan ohun tó ń mú búrẹ́dì bu.

Ṣùgbọ́n orí ọmọ kò gbọ́. Ìpẹ́ rẹ̀ lọ, irun ṣì ń já. Nílé ìwòsàn ni wọ́n ti là á yé mi pé làpálàpá orí máa ń wọ ìdí irun, ọṣẹ kò lè dé ibẹ̀, oògùn gbígbé mì ló ń bá a wí. Griseofulvin ni wọ́n fún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn oúnjẹ tó lọ́ràá. Irun ti ń hù báyìí. Nígbà tí mo padà sọ fún ìyá náà, ó ní, "Ọmọ mi, t'ara ni tèmi, t'orí yàtọ̀."

Màá tún rà á fún ara. Kékeré ni kẹ́ ẹ máa rà, torí ewé tútù inú rẹ̀ máa ń yí òórùn tó bá pẹ́ ní balùwẹ̀. Ẹ má sì fún ọmọ ní omi asúnwọ̀n mu o, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fi yà. Ní ti onígbàjámọ̀, kílípà tiwa la ń gbé lọ báyìí.