Àyẹ̀wò Breathe, Think, Do with Sesame: áàpù tí ó yẹ kí ọmọ lò kí ìbínú tó dé

Ọ̀pọ̀ áàpù tí wọ́n ń polówó fún àwọn òbí pé yóò pẹ̀tù sí ọmọ nínú kò ju eré aláwọ̀ mèremère lọ: wọ́n ń gbé ọkàn ọmọ kúrò lórí ohun tí ń dùn ún, wọn kì í sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe nígbà tí ohun náà bá tún dé. Breathe, Think, Do with Sesame ("Mí, Ronú, Ṣe é"), tí Sesame Workshop, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n ọmọdé Sesame Street ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2013 fún àwọn ọmọ ọdún 2 sí 5, kò sí lára irú wọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Síbẹ̀, bí òbí bá gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí igbe bá ti ta, kò ní rí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe áàpù náà jẹ, nítorí náà n kò lè yìn ín láìsọ ìgbà tí ó yẹ kí á lò ó.

Ẹ̀dá onírun aláwọ̀ búlúù kan ni ọmọ yóò bá níbẹ̀, tí nǹkan kò rọgbọ fún. Bóyá bàtà ni kò rí wọ̀, bóyá ilé tí ó fi búlọ́ọ̀kù ìṣeré tò ni ó wó lulẹ̀, bóyá ó tò sórí ìlà tí kò tètè kàn án, bóyá òbí rẹ̀ fẹ́ fi í sílẹ̀ ní ilé ìwé, tàbí kí ó jẹ́ pé ó tó àkókò láti sùn nínú òkùnkùn. Ọmọ tí ń wo fóònù ni yóò ràn án lọ́wọ́. Yóò kọ́kọ́ máa fọwọ́ tẹ ikùn ẹ̀dá náà kí ẹ̀dá náà lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fọ́ àwọn róbótó bí ihó ọṣẹ tí ń léfòó, títí tí ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta yóò fi hàn. Yóò wá mú ọ̀kan nínú wọn, yóò sì máa wo bí ẹ̀dá náà ṣe ń gbìyànjú rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yìn lára iṣẹ́ yìí ni ipò tí wọ́n fi ọmọ sí. Ọmọ ọdún 3 tí ẹnì kan jókòó tì láti bá sọ̀rọ̀ nípa ìkanra tirẹ̀ kì í gbọ́ ju pé wọ́n ń bá òun wí. Á bojú sílẹ̀, tàbí kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Níhìn-ín, ẹlòmíràn ni inú ń bí, òun sì ni àgbà tí ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìtìjú kò sí níbẹ̀, ẹ̀bi kò sí níbẹ̀, ọmọ sì lè fara balẹ̀ wo ìbínú bí ohun tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti fi ìbínú han ọmọ kékeré láìdẹ́rù bà á.

Bí wọ́n ṣe to ìgbésẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà dára pẹ̀lú. Nígbà tí inú bá ń bí ọmọ, ọkàn rẹ̀ a máa lù kìkì, èémí rẹ̀ a sì máa já ní kúkúrú. Iwájú ọpọlọ, tí ń kó èèyàn níjàánu tí ó sì ń jẹ́ kí á lè ronú kí á tó hùwà, kì í dàgbà tán títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Ẹni tí ó bá ní kí ọmọ tí ń yí gbirigbiri nílẹ̀ ronú nípa ohun tí ó ń ṣe ń béèrè ohun tí kò sí lọ́wọ́ ọmọ náà ní àkókò yẹn. Ara ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀. Ní ọdún 2021, Jelena Obradović àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré gan-an, fídíò kúkúrú kan tí ń tọ́ wọn sọ́nà láti mí kanlẹ̀ ní ìwọ̀nba ìgbà péré tó láti mú ara wọn wálẹ̀.

Ibí yìí gan-an sì ni àléébù tí ó tóbi jù lára áàpù náà wà. Ẹ̀dá búlúù yẹn ni ń mí, kì í ṣe ọmọ. Ọmọ lè tẹ ikùn ẹ̀dá náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí èémí tirẹ̀ kò sì ní yí padà rárá, áàpù náà yóò sì kan sáárá sí i bí ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà. Bí àgbàlagbà kò bá jókòó tì í, kí ó gbé ọwọ́ ọmọ lé ikùn ọmọ náà fúnra rẹ̀, kí ó sọ pé "jẹ́ kí á bá a mí", kí àwọn méjèèjì sì jọ fa èémí sínú, kí wọ́n jọ tú u síta ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, eré ìtẹkàn lásán ni ọmọ yóò mú lọ níbẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Spáníìṣì ni áàpù náà ń sọ. Òbí tí ń fi Yorùbá tọ́ ọmọ ní láti máa fi ẹnu tirẹ̀ sọ ohun tí ń lọ: inú ń bí i nítorí pé bàtà kò wọ̀, ẹ̀rù ń bà á, àárò òbí rẹ̀ ń sọ ọ́. Mo kà á sí iṣẹ́ tí ó lérè. Ìwádìí tí Matthew Lieberman àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní UCLA, Yunifásítì California ní Los Angeles, tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé nígbà tí àwọn àgbàlagbà bá ń wo àwòrán ojú ẹni tí inú ń bí tàbí tí ẹ̀rù ń bà, tí wọ́n sì dárúkọ ohun tí ẹni náà ń ní lára, amygdala, apá ọpọlọ tí ń ta wá jí sí ewu, a máa rọlẹ̀. Àwọn tó ṣe áàpù náà sì fi àyè sílẹ̀ fún òbí láti gba ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ọmọ lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwúrí láti ẹnu ẹni tí ó mọ̀. Ẹ má ṣe fo ibẹ̀. "Rọra, wàá ṣe é" ní ohùn ìyá tàbí bàbá ń wọ ọmọ lára ju ohùn àjèjì lọ.

Nípa ìgbà tí ó yẹ kí á lò ó, n kò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: kì í ṣe àárín ìkanra. Ìwádìí tí Jenny Radesky àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 lórí àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5 fi hàn pé fífi fóònù rẹ ọmọ lẹ́kún lemọ́lemọ́ àti kí inú ọmọ túbọ̀ máa yára ru lẹ́yìn oṣù díẹ̀ jọ ń rìn pọ̀, pàápàá láàárín àwọn ọmọkùnrin. Ọmọ tí fóònù ń pa lẹ́nu mọ́ kò rí àyè kọ́ bí ara òun ṣe ń wálẹ̀. Nínú ìkanra, àgbàlagbà tí ó dúró nítòsí, tí kò pariwo, tí kò sì jẹ́ kí ọmọ ṣe ara rẹ̀ léṣe, ni ọmọ nílò. Ìgbà tí nǹkan rọgbọ, lẹ́yìn oúnjẹ tàbí kí ó tó wẹ̀, ni kí á ṣí áàpù yìí, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí á sì pa á dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ní ọdún 2019 pé kí àwọn ọmọ ọdún 2 sí 4 má ṣe jókòó ti ojú ẹ̀rọ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, kí ó sì dín sí bẹ́ẹ̀ ni ó sàn jù.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ ni ìjà. Nínú ìṣòro márààrún náà, kò sí èyí tí ọmọ mìíràn ti já nǹkan gbà, kò sí èyí tí wọ́n ti gbá a létí, kò sì sí ti owú àbúrò tuntun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, irú ìbínú yẹn ni ó máa ń mú kí ọmọ gbé ọwọ́ sókè tàbí kí ó gé ẹlòmíràn jẹ. Òbí ni yóò fi bèbí tàbí ìtàn àtẹnudẹ́nu dí àlàfo yìí, kí ó sì tẹ̀lé ìgbésẹ̀ mẹ́ta kan náà. Márùn-ún pàápàá kò pọ̀. Kì í pẹ́ tí ọmọ fi ń mọ̀ wọ́n sórí.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, mo gba ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí kò tíì ju ọdún 5 lọ níyànjú pé kí ẹ gbà á sórí fóònù tiyín, kí ẹ sì jọ máa lò ó. Ọmọ tí ó bá ti ń lọ sí ọdún 7 yóò kà á sí eré àwọn kéékèèké, ẹ má fipá mú un. Ní ti ọmọ tí ń ṣe ara rẹ̀ léṣe nígbàkúùgbà tí inú bá bí i, tàbí tí ìkanra rẹ̀ ń gùn sí i, tí ó sì ń le sí i bí ó ṣe ń dàgbà, dókítà àwọn ọmọdé ni kí ẹ gbé e lọ bá.