Ilé tàbí Ohùn: Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Tọ́jú?

Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ìtàn Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá láti kọ owó orí láyé òyìnbó, l'Abẹ́òkúta, ọ̀nà méjì ló wà níwájú ẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ilé. Ilé wọn ní Ìsàbọ̀ ti di ibi ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, èèyàn lè mú ọmọ lọ wò ó. Ó dáa. Àmọ́ ògiri ò lè sọ bí ọ̀rọ̀ owó orí ṣe ká àwọn obìnrin lára tó: ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san án, síbẹ̀ wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ ìdìbò.

Èkejì ni ohùn, ibẹ̀ gan-an lọkàn mi wà. Mo gbé fóònù síwájú ìyá àgbà kan ní Ìtòkò. Ìyá tó bí wọn wà lára àwọn obìnrin tó lọ jókòó sí ààfin Aké nítorí owó orí yẹn. Ìyá àgbà náà bẹ̀rẹ̀ orin tí àwọn obìnrin fi bú Aláké, ọba Ẹ̀gbá, nígbà náà, wọ́n dé ààbọ̀, ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n fi etí ìró bojú: “Ẹ pa nǹkan yẹn ná, ọmọ mi!” Ilé wo ló lè fún yín nírú ẹ̀?

Lóòótọ́, ohùn máa ń ṣì í sọ. Ìyá àgbà náà ní 1947 ni Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀, 1949 ni. Ìyẹn ò le, àwọn ìwé Màmá wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, èèyàn lè lọ yẹ̀ wọ́n wò.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá padà lọ gba ìyókù orin yẹn.