Mesh ara ògiri àbí mesh orí tábìlì: èwo ni ká rà?

Mesh ni ráútà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó jọ ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà káàkiri ilé: ìyá ráútà ló ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, àwọn ọmọ ráútà á sì gbé e dé àwọn yàrá tó jìnnà. Bó bá jẹ́ fúláàtì oníyàrá méjì lẹ ń gbé, ẹ má wulẹ̀ ra mesh. Ẹ gbé ráútà kan ṣoṣo sí àárín ilé, ó ti tó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kún fún ògiri búlọ́ọ̀kù, bíi tiwa ní Kubwa ní Àbújá, ni ọ̀rọ̀ mi bá wí.

Oríṣi méjì ni owó wa ká. Àkọ́kọ́, ara ògiri ni àwọn ọmọ ráútà máa ń wà: ẹ̀yìn wọn ló ní ẹsẹ̀ tí à ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èkejì máa ń jókòó sórí tábìlì, ó sì ní adapter tirẹ̀, bíi Deco M4 tàbí Tenda MW6.

Ní ti ẹwà, ti ara ògiri ló borí. Ní ti títò ó, ọgbọọgba ni wọ́n, fóònù náà ni ẹ ó fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ iná ló wà ńlẹ̀. Ti ara ògiri ni mo kọ́kọ́ rà. Inverter gbé ìyá ráútà ní pálọ̀, àmọ́ kò gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì òkè. Bí iná bá ti lọ báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì òkè náà lọ nìyẹn. Ọmọbìnrin mi á sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sórí àtẹ̀gùn, kọ̀ǹpútà lórí orúnkún. Mo lọ ra mini UPS, àpótí kékeré tó ní bátìrì, tó ń fún ráútà ní 12V. Nígbà tí mo délé, mo yí ọmọ ráútà náà síwá sẹ́yìn, n kò rí ihò tí màá ki ẹnu wáyà bọ̀. Iná ògiri tààrà nìkan ló ń jẹ! Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná dé, gílóòbù pálọ̀ tàn yòò ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ ráútà kan kú síbẹ̀. Inú ara rẹ̀ ni ohun tó ń bu iná kù wà, nítorí náà kò sí adapter tí mo lè pààrọ̀.

Ti orí tábìlì tí mo ń lò báyìí, mini UPS yẹn náà ló ń gbé e. Ẹ ṣáà ka ara adapter dáadáa kí ẹ tó ra mini UPS: bí ẹ bá ki 12V bọ èyí tó ń jẹ 9V, ó lè jó.

Ẹ tún wo ihò tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ̀: ti Deco E4, tí òun náà jẹ́ ti orí tábìlì, kò kọjá 100 Mbps (ìwọ̀n eré íntánẹ́ẹ̀tì), ti M4 dé 1000. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín kò bá tó 100, E4 ò burú.

Ẹ má gbé ọmọ ráútà sínú yàrá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kú. Ẹ gbé e sí agbedeméjì, níbi tó ṣì ti ń rí ìyá rẹ̀ gbà.

Ẹni tí inverter rẹ̀ gbé gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lè ra ti ara ògiri, kò sí wàhálà. Ẹ̀yin yòókù, bí ẹ bá dé Banex, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà ní Àbújá, ẹ ní kí wọ́n ṣí páálí lójú yín, kí ẹ wo ara ọmọ ráútà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá rí ihò róbótó tí adapter ń wọ̀, ẹ dá a padà fún wọn.