Kolóònì Ọsàn àti Lọ́fíńdà Olówó Ńlá: Èwo Ló Yẹ Ooru London?

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin Central Line ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Keje mọ ohun tí mò ń wí. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀, gbogbo wa sì ń fara kan ara wa. Nínú oṣù Keje 2022, tí ooru ilẹ̀ England kọjá ìwọ̀n 40 Celsius fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí i pé lọ́fíńdà tó ń tù mí nínú nígbà òtútù lè fún mi lọ́rùn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá èyí tó fúyẹ́, tó ń ta sánsán bí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èékánná ha, tàbí ewé ọsàn tí wọ́n fọwọ́ ra.

Oríṣi méjì lẹ máa bá pàdé. Èkíní ni kolóònì àtijọ́, irú 4711 tó ti ìlú Köln ní Jámánì wá, tí nọ́ńbà ilé wọn ní òpópónà Glockengasse di orúkọ rẹ̀. Ìkejì ni èyí tí wọ́n kọ eau de parfum sí lára, tí àwòrán ọsàn wà lára páálí rẹ̀, tí olùtajà á máa sọ pé ó ń pẹ́ lára. Mo ti náwó lórí méjèèjì. 4711 ṣì wà nílé mi. Ìkejì, mo ti fi tọrẹ.

Ọ̀rọ̀ pípẹ́ lára yìí gan-an ló jẹ mí lówó. £95 ni mo san. Nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fín in sórí bébà pẹlẹbẹ kan, àfi bíi pé mo wà nínú oko ọsàn láàárọ̀ kùtù. Mo sanwó lójú ẹsẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, à ń lọ síbi ìgbéyàwó, mo fín in lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò tó wákàtí kan tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀: “Àbúrò, kí lo fín sára tó ń rùn bí pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn yìí?” Mo gbọ́ òórùn ọwọ́ mi, òótọ́ ni. Ọsàn ti lọ. Èyí tó kù le, ó ń ta mọ́ imú, ó sì wà lára kọ́là bùbá mi lẹ́yìn tí mo ti fọ̀ ọ́.

Ohun tó fà á rèé. Èròjà kan tó ń jẹ́ limonene ló pọ̀ jù nínú òróró èèpo ọsàn, ó sì fúyẹ́ gan-an. Ooru ara kì í pẹ́ lé e lọ. Bí wọ́n bá ní lọ́fíńdà ọsàn kan ń lo wákàtí mẹ́jọ, ohun mìíràn ló ń lo wákàtí náà: musk, tàbí òórùn igi tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Ohun tí ẹ ń fowó rà nìyẹn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fín in sọ́wọ́ yín, ẹ jáde, ẹ rìn nínú oòrùn fún wákàtí kan, kí ẹ tó padà lọ sanwó.

Kolóònì náà kì í pẹ́. Lára mi, ìdajì wákàtí ni. Òróró olóòórùn inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 2 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí ti eau de parfum lè tó 15 sí 20. Ṣùgbọ́n bó ṣe wá ni ó ṣe ń lọ, kò fi ìdọ̀tí òórùn sílẹ̀. Mo máa ń bu díẹ̀ sínú ìgò kékeré kan nínú báàgì mi, màá fín in sẹ́yìn ọrùn lọ́sàn-án àti kí n tó wọ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́. Owó rẹ̀ kò ga, ọwọ́ mi kì í wárìrì. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, kí ẹ tó dé ibi iṣẹ́, òórùn rẹ̀ ti rọlẹ̀.

Ní ti òórùn ewé tútù, eau de parfum ló borí. Galbanum wà nínú èyí tí mo fi tọrẹ, oje ewéko kan tó ń ti Iran wá, bí ẹ̀wà tútù tí wọ́n ṣẹ́ ní àárín ni ó ń rùn. Ó dùn fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó wà láàárín, kó lọ gbọ́ òórùn Eau Sauvage, tí Edmond Roudnitska ṣe fún Dior ní 1966. Ó fi hedione, èròjà olóòórùn kan tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, gbé ọsàn inú rẹ̀ dúró láìsọ ọ́ di ẹrù.

Ẹ má fín èyíkéyìí sára léèsì funfun.

Ẹ má ra òróró bergamot, irú ọsàn kan, lásán láti fi pa ara. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ bergapten. Bí oòrùn bá pàdé rẹ̀ lára, ó lè bó awọ, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe lọ́fíńdà máa ń yọ ọ́ kúrò tàbí kí wọ́n dín in kù.

Oòrùn ojú fèrèsé máa ń ba oríṣi méjèèjì jẹ́. Fíríìjì ni kolóònì tèmi ń gbé, bó bá kan ọrùn mi nínú ooru, gbogbo ara mi ló ń tutù.

Fún òde alẹ́ àti ìgbà òtútù, eau de parfum kò burú. Láti oṣù Kẹfà sí Ìkẹjọ, èyí tó wà nínú fíríìjì ni mò ń mú. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi tó sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀ lọ́jọ́sí gbé ìgò kékeré tirẹ̀ wá, ó ní kí n bu díẹ̀ fún òun.